Kíláàsì ìwẹ̀ àwọn obìnrin ní Ẹ̀pẹ́: owó mi ò ṣòfò

Ẹ̀yin obìnrin Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Ìbẹ̀jú àti gbogbo àyíká, ẹ dákun ẹ gbọ́ tèmi o. Láti bí oṣù méjì làwọn èèyàn ti ń bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe ní gbogbo àárọ̀ Sátidé tí mi ò fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù títí aago mẹ́wàá fi ń lù, èsì ẹ̀ rèé: ìwẹ̀ odò ni mò ń lọ kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sáà àkọ́kọ́ ni, Sátidé mẹ́jọ gbáko, ₦25,000, ọmọ ọdún 39 sì ni mí. Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan pé màá kọ gbogbo ẹ̀ síbí, èyí tó dáa àtèyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó ní púùlù ni, tẹ́ ẹ bá ti kọjá ère ẹja méjì tó wà lábàwọlé ìlú yẹn, kò jìnnà mọ́. N ò ní dárúkọ ibẹ̀, n ò sì ní sọ àdírẹ́ẹ̀sì, Àǹtí Kóòṣì, obìnrin tó ń kọ́ wa, ló bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀, torí nígbà kan tẹ́nì kan gbé e síta, àwọn ọkùnrin kan wá tò sẹ́nu géètì pé àwọn fẹ́ wòran. Obìnrin tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹja l'Ọ́jà Olúwo, a pàdé ara wa níbẹ̀ dáadáa, wọ́n á júwe ẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ẹja ni ìyá mi tà tó fi rán wa níléèwé, ilé wa sí ọ̀sà ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì mọ̀ wẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn, wọ́n kàn ń bá ẹgbẹ́ wọn bẹ́ sómi ni títí ara wọn fi gbà á. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, etí omi la máa ń dúró sí, àwa la máa ń ṣọ́ aṣọ wọn. Tá a bá fẹ́ kẹ́sẹ̀ bọmi kọjá orúnkún pẹ́nrẹ́n, ìyá mi á ti lọgun: ọmọbìnrin wo ló ń wẹ odò, irun orí ẹ ńkọ́, aṣọ ẹ ńkọ́, ṣé o ò rí àwọn tó ń wò ẹ́ ni? Mi ò dá ìyá mi lẹ́bi o, ohun tí wọ́n sọ fóun náà nígbà tó wà lọ́mọdé ló sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò, obìnrin tó jẹ́ pé ọ̀sà ló ń bọ́ ọ, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ra ọjà, tí kò sì mọ nǹkan kan tó lè ṣe tí ọkọ̀ yẹn bá dojú dé.

Ohun tó sì gbé mi dé kíláàsì nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá mo wọ ọkọ̀ lọ ra ẹja gbígbẹ lábúlé kan lódìkejì ọ̀sà, bá a ṣe ń bọ̀ ni afẹ́fẹ́ dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọnú ọkọ̀, láíìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi, okùn ẹ̀ lápá kan ti já. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ní, "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, tó bá dójú ẹ̀, ẹ ṣáà léfòó." Kí n léfòó! Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kí n mí ni. A gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo kà á pé àjọ ìlera àgbáyé WHO ní nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi kárí ayé ní 2021 nìkan, mo sì sọ fún ọkọ mi pé màá wá ibi kọ́ ọ, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kíláàsì yẹn, aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, obìnrin nìkan. Wọ́n á ta tapólì yí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ká, àwọn òṣìṣẹ́ ọkùnrin á bọ́ síwájú òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo fóònù á wọnú apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n máa gbé sábẹ́ tábìlì. Àwa mọ́kànlá la bẹ̀rẹ̀. Alhájà méjì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, Ìyá Ìbejì tó ń ta ewédú wà níbẹ̀, ọmọ yunifásítì méjì, ìyàwó pásítọ̀ kan. Àǹtí Kóòṣì ò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ le ju ti ọ̀gá ṣọ́jà lọ tó bá di ọ̀rọ̀ ààbò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré létí púùlù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ti ọmọnìkejì ẹ̀ sómi, bó o bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan o ti lọlé.

Sátidé méjì àkọ́kọ́, a ò wẹ̀ rárá. Ká mí símú lókè, ká tẹ ojú bọmi, ká fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu kó máa hó bùlù-bùlù, ká tún gbójú sókè. Ó dà bí eré ọmọdé lójú mi, inú mi ò kọ́kọ́ dùn sí i pé owó tí mo san nìyí. Àfìgbà tó yá ni mo rí i pé ẹ̀rù tó ń bà mí, inú imú àti ọ̀fun mi ló wà, ìgbà tí mo mọ bí mo ṣe lè mí ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ̀.

Lílefòó ló wá le jù fún mi. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ wojú ọ̀run, ẹ jẹ́ kómi bo etí yín, ẹ má gbórí sókè, torí bí orí bá ṣe ń gòkè lẹsẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Èmi, ṣe ni mò ń bá omi jà, mo máa ń le gbagidi bí pákó, màá sì rì. Àǹtí Kóòṣì ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tó wà láyà wa ló ń gbé wa dúró, pé ọ̀rá ara náà fúyẹ́ ju omi lọ, ẹ sì wo bó ṣe rí: Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ pé òun ló sanra jù nínú wa, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jáde nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ nítorí ojú ń tì í, òun ló kọ́kọ́ léfòó. Ọjọ́ kìíní tá a gbìyànjú ẹ̀ pàá! Ó sùn sórí omi bí ẹni sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi, ó di Sátidé kẹrin. Ohun tí mo rántí jù ni pé bí etí mi ṣe wọmi, ariwo jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, ariwo ọ̀nà dákẹ́, èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́, mo rí ẹyẹ kan tó ń fò kọjá lókè, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé ohun tí wọ́n fi dù mí láti kékeré rèé. Mo sunkún. Nínú omi, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aṣọ báyìí, torí òun ni gbogbo yín máa kọ́kọ́ béèrè. Wọn ò fipá mú ẹnikẹ́ni wọ tínríntín. Òfin ẹyọ kan ni: kì í ṣe kọ́tìnnì, kì í ṣe àńkárá, kì í ṣe ìró. Aṣọ tó bá ń mu omi, fífà ló máa fà yín sísàlẹ̀. Láíkírà, aṣọ tó ń nà, ni kẹ́ ẹ fi rán an. Télọ̀ kan wà nítòsí ọjà tó mọ̀ ọ́n rán, tèmi, apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, ó rán sòkòtò mọ́ ọn dé kókósẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì kékeré wà nídìí ẹ̀, ₦14,000 pẹ̀lú aṣọ. Àwọn Alhájà tún gba ìbòrí sára tiwọn.

Ọjọ́ tá a kó aṣọ yẹn wọ̀ wá ni Àǹtí Kóòṣì sọ ìtàn Annette Kellerman fún wa, ọmọ Ọsirélíà tí wọ́n bí ní 1886. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lágbára ní kékeré, irin ni wọ́n fi ń gbé e dúró, torí kẹ́sẹ̀ lè le ni àwọn òbí ẹ̀ ṣe mú un lọ kọ́ ìwẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di òmùwẹ̀ gidi, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún ló ti ń bá ẹja wẹ̀ nínú àpótí gáláàsì ńlá tó kún fómi ní Melbourne káwọn èèyàn máa wò ó. Nígbà ayé ẹ̀, obìnrin tó bá fẹ́ wọ òkun nílùú òyìnbó, aṣọ tó máa wọ̀ ju tèmi lọ o: ẹ̀wù, sòkòtò, síkẹ́ẹ̀tì lé e, ìbọ̀sẹ̀ dúdú, kò sì sí láíkírà nígbà yẹn, aṣọ òtútù tó nípọn ni. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn wẹ̀? Nígbà tí wọ́n pè é kó wá wẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ọba ní London, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi itan hàn, ló bá ra ìbọ̀sẹ̀ dúdú gígùn, ó rán an mọ́ aṣọ ìwẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀, ó bá di aṣọ kan ṣoṣo láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo wo aṣọ ara mi nígbà tó sọ ìyẹn. Ohun tí télọ̀ wa ṣe gẹ́lẹ́ ni!

Ó ní nígbà tí Kellerman dé Amẹ́ríkà, òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé wọ́n mú òun ní Revere Beach lẹ́bàá Boston ní 1907 nítorí aṣọ yẹn, pé ó fi ara hàn jù. Ó dùn mí, mo lọ ka púpọ̀ sí i nígbà tí mo délé. Mo wá rí i pé ní 2004, Ọsirélíà náà ni obìnrin mìíràn, Aheda Zanetti, ti ṣe bùkíní, aṣọ ìwẹ̀ tó ń bo ara, fún àwọn Mùsùlùmí obìnrin tó fẹ́ wẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ bora. Nígbà tó sì di 2016, àwọn ìlú kan létí òkun Faransé fòfin de bùkíní. Ẹ gbọ́ o: ní 1907 aṣọ obìnrin kéré jù, ní 2016 aṣọ obìnrin pọ̀ jù. Èwo gan-an ni ká wọ̀? Mo ka èyí fún Alhájà tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ tó bá jẹ́ kí n lè wọmi, òun náà laṣọ." Ìdí tí mo fi fún kíláàsì yìí ní máàkì ńlá lórí ọ̀rọ̀ aṣọ nìyẹn, wọn ò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ aṣọ, bó o fẹ́ bora, bora, bó ò fẹ́, má bora, ohun tí wọ́n bìkítà fún ni pé kó má fà ẹ́ rì.

Irun ńkọ́? Irun ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe àwáwí, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú púùlù máa ń gbẹ irun wa pátápátá. Àǹtí Kóòṣì kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ fi omi ẹ̀rọ rin irun, ká wá fi epo àgbọn tàbí òrí pa á, torí irun tó bá ti mumi yó tẹ́lẹ̀ kì í fa omi púùlù púpọ̀ mọ́, ká tó wá dé fìlà lé e. Kòlẹ́sẹ̀ ló bá fìlà mu jù. Ṣùkú ò ṣe é ṣe, mo gbìyànjú ẹ̀, kò wọ̀ ọ́. Fìlà tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn, ₦3,500, kò tó fún ẹni tó bá kó bíréèdì ńlá sórí, mo ṣe é já lọ́jọ́ kẹta. Irun tòyìnbó ni wọ́n fi wọn fìlà wọ̀nyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba, Soul Cap, ṣe èyí tó tóbi fún irun dúdú, ẹ sì mọ̀ pé ní 2021, àjọ ìwẹ̀ àgbáyé, FINA nígbà náà, kò gbà kí wọ́n lò ó ní Òlíńpíìkì? Ọdún yẹn náà ni Alice Dearing di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó máa wẹ̀ fún Britain ní Òlíńpíìkì, kìlómítà mẹ́wàá ló wẹ̀ ní Tokyo. Oṣù kẹsàn-án 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí fìlà náà. Simone Manuel ti gba góòlù ní Rio ní 2016 nínú mítà 100, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tó dá gba góòlù ìwẹ̀, síbẹ̀ ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé irun wa náà nílò fìlà. Àwọn tó ń ta nǹkan ní púùlù wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó fìlà ńlá wá, a máa rà á.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n fi ti Abiola Ogunbanwo kún un, ọmọ tiwa, Nàìjíríà ló wẹ̀ fún ní Tokyo yẹn kan náà, mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 59.74, àkọsílẹ̀ tuntun fún obìnrin Nàìjíríà. Mo fi fídíò ẹ̀ han ọmọbìnrin mi, ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ọ̀rọ̀ ojú àwọn èèyàn ló kù nínú ohun tí ìyá mi máa ń sọ. Èmi fẹ́ràn tapólì yẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ǹ bá má lè kọ́ ohunkóhun ká ní ọkùnrin wà níbẹ̀ tó ń wò mí bí mo ṣe ń mu omi tí mo ń húkọ́. Ṣùgbọ́n mo ka ìtàn Fanny Durack àti Mina Wylie, ó sì ń dà mí láàmú. Ní 1912, Òlíńpíìkì Stockholm ni wọ́n kọ́kọ́ gba obìnrin láàyè láti wẹ̀. Àwọn méjèèjì ló yára jù ní Ọsirélíà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ìwẹ̀ àwọn obìnrin ní New South Wales ní òfin pé obìnrin ò gbọdọ̀ wẹ̀ níwájú ọkùnrin, àwọn obìnrin fúnra wọn ló ṣòfin náà, wọ́n ní ààbò ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má lọ. Àwọn ará ìlú pariwo, wọ́n yí òfin náà padà, owó ìrìnàjò sì di kí oníkálùkù wá a. Wọ́n dé Stockholm, Durack gba góòlù mítà 100, Wylie ṣe ìkejì. Ká ní tapólì ò ṣí ńkọ́? Èrò tèmi ni pé tapólì dáa fún kíkọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jáde. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Kóòṣì, ó ní àwọn ọmọ yunifásítì méjèèjì yẹn ti ń lọ dánra wò ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé wà níbẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Gertrude Ederle náà wúni lórí, ọmọ alápatà ní New York, etí ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa, ní oṣù kẹjọ 1926 ó bọ́ sómi ní Faransé ó sì wẹ̀ dé England ní wákàtí mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Ọkùnrin márùn-ún péré ló ti ṣe é ṣáájú ẹ̀. Ó yára ju gbogbo wọn lọ.

Ohun tí mi ò retí nínú kíláàsì yìí ni ijó inú omi. Sátidé mẹ́ta ìkẹyìn, Àǹtí Kóòṣì ní ká máa tò, ká di ọwọ́ ara wa mú, ká léfòó ní róbótó bí òdòdó, ká ṣí, ká pa dé. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, Alhájà àgbà dáwọ́ dúró, ó ní, "Àǹtí, ṣé eré màmíwọ́tà kọ́ nìyí?" Kò rẹ́rìn-ín, àwa náà ò rẹ́rìn-ín, torí a mọ ohun tó ń sọ. Àǹtí Kóòṣì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ létí omi, ó ní, "Alhájà, ẹ ṣe sùúrù, ijó ni, ó sì tún ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń pẹ́ lórí omi láìrẹ̀ ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo délé. Yemọja, obìnrin. Ọ̀ṣun, obìnrin. Ọya tó lodò, obìnrin. Ọ̀pọ̀ odò ńlá wa la fi orúkọ obìnrin pè, ṣùgbọ́n obìnrin tó wà láàyè, etí omi la ní kó dúró sí kó máa ṣọ́ aṣọ. Àwọn òyìnbó tó dé Gold Coast, Gánà òde òní, ní bí 1600 kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn èèyàn dúdú etíkun yẹn mọ̀ wẹ̀, wọ́n mọ òòkùn í mù, ju àwọn lọ. Nígbà wo ló wá di ohun tí kò yẹ wá?

Ijó inú omi yìí náà ní ìtàn tiẹ̀, àwọn obìnrin ló sọ ọ́ dòkìkí. Kellerman náà jó o nínú àpótí gáláàsì ńlá ní Hippodrome, gbọ̀ngàn eré ńlá kan ní New York. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Katharine Curtis kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láti máa wẹ̀ pọ̀ tẹ̀lé orin, ó kó wọn lọ síbi àfihàn ńlá Chicago ní 1934. Esther Williams, ká ní kò sógun ni, Òlíńpíìkì 1940 ló fẹ́ lọ, wọ́n fagi lé e, ló bá wọ agbo àwọn tó ń jó nínú omi, ibẹ̀ ló gbà wọ sinimá tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní Weeki Wachee, Florida, láti 1947 ni àwọn ọmọbìnrin ti ń jó bíi màmíwọ́tà nísàlẹ̀ omi orísun, tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ mu láti inú rọ́bà gígùn káwọn èèyàn máa wò wọ́n lójú gáláàsì. Ìgbà tó máa fi wọ Òlíńpíìkì, 1984 ni, Los Angeles, obìnrin nìkan sì ni títí di Paris 2024 tí wọ́n ní ọkùnrin lè dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, síbẹ̀ kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó mú ọkùnrin lọ.

Ẹ má wò ó bí eré lásán o. Àwọn tó ń ṣe é nídìje, ẹsẹ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ kan ìsàlẹ̀ púùlù, wọ́n á fi nǹkan dí imú, wọ́n á fi jẹ́látìn lẹ irun mọ́rí kó má baà tú, wọ́n á wà nísàlẹ̀ omi lórí èémí kan, wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá jáde. Àwa, a ò dé ibẹ̀. Ọwọ́ la kọ́kọ́ kọ́ láti lò, ká tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ká máa nu omi lọ nu omi bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí bí ẹni ń tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò fẹ́ kó hunjọ. Iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ó gbé mi dúró lórí omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìjà, láìpariwo. Ọmọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ló wá sí mi lọ́kàn.

Mo tún fẹ́ sọ ti àwọn ìyá Jeju ní Kòríà, torí àwọn ìyá Ọjà Olúwo ni wọ́n rán mi létí. Haenyeo ni wọ́n ń pè wọ́n. Obìnrin ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n ń mòòkùn wọ òkun láìlo afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà, wọ́n lè dé mítà mẹ́wàá, wọ́n á kó ìgbín òkun jáde lọ tà, wọ́n fi ń bọ́ ilé. Tí wọ́n bá jáde lómi, èémí wọn máa ń dún bí ẹni súfèé. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, kọ wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2016. Àwọn ìyá wa náà fi ọ̀sà bọ́ ilé, wọ́n mọ ẹja ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n mọ̀ ọ́n láti ìrù dé orí, inú omi tó ti jáde wá nìkan ni wọn ò gbà wọ́n láàyè láti dé.

Ó kù díẹ̀ káàtó, mo ṣèlérí pé màá sọ ọ́. Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ẹyọ kan ṣoṣo fún obìnrin mọ́kànlá, kò síbi tá a lè faṣọ kọ́, inú omi ni búrẹ́sìà èèyàn máa ń bọ́ sí lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago méje ààbọ̀ nítorí wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi. Sátidé karùn-ún omi dúdú díẹ̀, Àǹtí Kóòṣì yarí pé a ò ní wọ̀ ọ́, wọ́n dá ọjọ́ yẹn padà fún wa ní Sọ́ńdè, mo gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó ti pa rẹ́ lára táìlì, ó sì di ọ̀sẹ̀ kẹta kí táyà tí wọ́n fi ń yọ èèyàn nínú ewu tó dé. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn kó má baà kú sómi! A bá àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì sọ ọ́, wọ́n ra táyà, nọ́ńbà ò tíì padà bọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ tẹnu mọ́ ọn tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, nọ́ńbà yẹn ló gba ẹyọ kan lọ.

Ọjọ́ tá a parí, wọ́n ní ká mú obìnrin méjì-méjì wá láti ilé. Mo mú ọmọ mi, mo mú ìyá mi. Wọ́n lo súpíkà, a wọmi, a tò, a ṣí bí òdòdó, a pa dé, Ìyá Ìbejì ló wà láàárín. Ìyá mi ò sọ nǹkan kan ní gbogbo àkókò yẹn. Nígbà tí mo jáde, ó mú táwẹ̀lì, ó ń nu ẹ̀yìn mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré, ó wá ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ò kanlẹ̀ rárá?" Mo ní rárá, Màámi. Ó jókòó sétí púùlù, ó bọ́ sílípáàsì, ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó kẹ́sẹ̀ méjèèjì bọmi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá ó pe Àǹtí Kóòṣì, ó bi í pé ṣé wọ́n ń gba arúgbó, Àǹtí Kóòṣì ní ẹni tó dàgbà jù nínú sáà tó kọjá, ọmọ ọdún 64 ni. Ìyá mi ní òun ju ìyẹn lọ.

Mo ti sanwó èèyàn mẹ́ta fún sáà tó ń bọ̀, ti ìyá mi, ti ọmọ mi, tèmi. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, aago méje. Ẹ mú táwẹ̀lì yín dání, wọn kì í fúnni.